Ta ló yẹ kó túfọ̀? Bí WhatsApp àti Facebook ṣe ń gbé ìròyìn ikú kiri Adó-Èkìtì kí ẹbí tó gbọ́

Bí ọba kan bá wàjà tàbí tí èèyàn ńlá kan bá jáde láyé nílẹ̀ Yorùbá, àríyànjiyàn kan náà ló máa ń bẹ́ sílẹ̀ lórí ayélujára: ta ló kọ́kọ́ gbé e síta, ta ló ní kó gbé e, ṣé ẹbí tiẹ̀ ti gbọ́? Ní Adó-Èkìtì, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ti ọba àti olóṣèlú. Ìyá oníṣòwò ní Ọjà Ọba, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Basiri, ọmọ Poly tí ọ̀kadà gbá lọ́nà Ìjàn, státọ́ọ̀sì WhatsApp ló ń túfọ̀ wọn kí àgbà ilé tó wọ bàtà.

Àwọn kan ní àìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Àwọn kan ní ayé ló ti yí, kí àgbà gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn tún ń gbé e kiri pé ìjọba ti ṣòfin ẹ̀wọ̀n fún admin gúrúùpù tí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ bá jáde nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti wá lọ́jú pọ̀, ó yẹ ká tú u ní ìkọ̀ọ̀kan.

Ibo ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀?

Ó ti pẹ́ nílẹ̀. Ní ìparí oṣù keje 2015, ìròyìn jáde pé Ọọ̀ni Okùnadé Síjúwadé ti wàjà ní London. Orí ayélujára gbóná. Àwọn ìjòyè Ifẹ̀ jáde, wọ́n ní kò sí ohun tó jọ ọ́, pé Kábíyèsí wà lálàáfíà. Ó di oṣù kẹjọ kí wọ́n tó fi tó ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun létí bí àṣà ṣe là á sílẹ̀. Láàárín àsìkò yẹn, ohun tí fóònù ń sọ yàtọ̀ sí ohun tí ààfin ń sọ, àwọn èèyàn sì ń fi àwọn ìjòyè ṣe yẹ̀yẹ́ pé àgbà ń parọ́ gbangba. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kò mọ̀ ni pé iṣẹ́ àwọn ìjòyè náà ni wọ́n ń ṣe. Ọba kì í kú lẹ́nu ẹni tí kò ní àṣẹ láti sọ ọ́.

Èyí tó kan Èkìtì gbọ̀ngbọ̀n ṣẹlẹ̀ ní 2022. Òru ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 22 oṣù kẹrin, ni Aláàfin Ọ̀yọ́, Ọba Làmídì Adéyẹmí Kẹta, wàjà sí ilé ìwòsàn Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá ní Adó níbí. Ẹni ọdún 83 ni, ó sì ti lò ju 50 ọdún lọ lórí ìtẹ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta tó mọ́ tán, Facebook àti Twitter ti gbé e. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n gbé Kábíyèsí dé Ọ̀yọ́ tí wọ́n sì sin ín. Ọ̀pọ̀ ará Adó, orí fóònù ni wọ́n ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìlú tí àwọn fúnra wọn sùn sí.

Ní ọjọ́ 13 oṣù keje 2025, Ààrẹ tẹ́lẹ̀ Muhammadu Buhari kú ní London, Awùjalẹ̀ Ìjẹ̀bú, Ọba Síkírù Adétọ̀nà, sì wàjà lọ́jọ́ kan náà. Ìròyìn méjèèjì lé ara wọn bá lórí fóònù. Àwọn kan gba ti ọ̀kan gbọ́, wọ́n ní irọ́ ni èkejì, nítorí wọ́n rò pé ẹni tó ń gbé e kiri ló da orúkọ pọ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń túfọ̀ kí fóònù tó dé?

Iṣẹ́ àgbà ni. Bí ẹnìkan bá kú lóru nínú agboolé, wọn kì í jẹ́ kí igbe ta síta títí àwọn àgbà yóò fi jókòó, tí wọ́n á pinnu ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́: àkọ́bí, olórí ẹbí, ẹbí ìyá, àwọn àna, lẹ́yìn náà ìjọ tàbí mọ́sáláṣí. Bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́ fún opó kò ní bá bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́ fún ọmọ mu. Ẹni méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n máa ń rán, ìdájí ni wọ́n sì máa ń lọ. Wọ́n á kí onílé, wọ́n á béèrè omi mu, wọ́n á ní kó jókòó. Kí wọ́n tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà, ara onítọ̀hún á ti sọ fún un.

Fún ọmọ tó wà lájò, wọ́n á ránṣẹ́ pé ara bàbá kò yá díẹ̀, kó tètè máa bọ̀. Ọmọ náà mọ̀, kò sì mọ̀. Bó ti wù kó rí, á ti wọkọ̀, á ti dé ilé, èèyàn á ti yí i ká kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu sọ òótọ́. Ẹ̀rù kí ó má lọ dákú sójú títì ló ń mú kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀.

Òkú ọ̀fọ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn ọmọdé tàbí ọ̀dọ́ tí òbí rẹ̀ ṣì wà láyé. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, wọn kì í jẹ́ kí òbí mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ náà sí, ká má tíì sọ pé kí wọ́n rí fọ́tò rẹ̀.

Ti ọba wá wà láyè ara rẹ̀. Afọbajẹ àti àwọn ìjòyè àgbà nìkan ló ní ẹnu láti sọ ọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣe ètùtù tó yẹ. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, ọjà ọba tí wọ́n tì pa lójijì ni ará ìlú á rí, tàbí ẹ̀ka igi tí wọ́n gé lulẹ̀ nínú ọjà. Oníkálukú á yí padà sílé láì bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Àwọn tó ń jà lórí ọ̀rọ̀ yìí sábà máa ń gbójú fo ohun kan: túfọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣírí. Gbogbo ìlú ló ṣì máa gbọ́, tí ó bá sì jẹ́ àgbàlagbà ló lọ, ìlù àti ìbọn ni wọ́n á fi kéde rẹ̀. Ètò ẹni tó gbọ́ ṣáájú àti ẹni tó gbọ́ tẹ̀ lé e ni àwọn àgbà ń ṣọ́. Ètò yẹn gan-an ni fóònù kò mọ̀.

Kí ló wá yí padà ní Adó?

Ìlú náà ló kọ́kọ́ yí kí fóònù tó dé. Ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá 1996 ni wọ́n yọ ìpínlẹ̀ Èkìtì kúrò lára Oǹdó, Adó sì di olú-ìlú. Òṣìṣẹ́ ìjọba rọ́ wá láti ìjọba ìbílẹ̀ 16, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ìpínlẹ̀ (EKSU), ti Poly àti ti Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá (ABUAD) sì ń yá ilé kún ilé. Ẹni tí bàbá rẹ̀ wà ní Òmùò, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìjerò, tí òun fúnra rẹ̀ yá yàrá méjì ní Ajílósùn, agboolé wo ni yóò ti gbọ́ igbe? Aládùúgbò rẹ̀ mọ̀ ọ́n sí Bàbá Tọ́mi, kò mọ ìdílé rẹ̀. Gúrúùpù ẹbí lórí WhatsApp ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí gbogbo wọn ti ń pàdé.

Kí GSM, ìyẹn fóònù alágbèéká, tó dé Nàìjíríà ní 2001, ẹni tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ á rán èèyàn wọ mọ́tò ni. Èkó, Àbújá àti Port Harcourt ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ó tó ìgbà díẹ̀ kó tó kàn wá. Ìṣẹ́jú ni wọ́n fi ń ṣírò owó ìpè nígbà náà, títí Glo fi wọlé ní 2003 pẹ̀lú owó ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹni tó bá fẹ́ pè á ti ro ohun tó fẹ́ sọ dáadáa, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń bá sọ̀rọ̀. Bí ẹni yẹn bá figbe ta, ẹni tó pè é á gbọ́, á dúró, á bẹ̀ ẹ́. Pẹ̀lú GSM, àgbà ṣì lè to ìpè tẹ̀ léra wọn: pe ẹ̀gbọ́n, pe àna, pe pásítọ̀.

WhatsApp ló fọ́ ètò yẹn. Ẹnì kan ń bá igba èèyàn sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sì rí ojú ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Owó náà ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 2020, ìjọba Káyọ̀dé Fáyẹmí, gómìnà Èkìtì nígbà náà, dín owó tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń san kí wọ́n tó gbẹ́lẹ̀ ri wáyà íntánẹ́ẹ̀tì kù, láti ₦4,500 sí ₦145 lórí mítà kọ̀ọ̀kan, kí íntánẹ́ẹ̀tì lè tàn kálẹ̀. Ní oṣù kìíní 2025, NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ fóònù, gbà fún àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù pé kí wọ́n fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn. Ìpè àti dátà ló jọ gbówó lórí, àmọ́ ẹni tó ti ra dátà ọ̀sẹ̀ kan kì í ronú iye tí iṣẹ́ kan jẹ níbẹ̀. Ìpè ló ń wọ̀ ọ́ lójú. Kí ó tó pe èèyàn mẹ́wàá tán, á ti gbé e sí gúrúùpù.

Voice note wá ni àbùdá tó kó àwọn ìyá àti bàbá wọ inú rẹ̀. Ọdún 2013 ló wọ WhatsApp. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ, tàbí tó mọ̀ ọ́n ṣùgbọ́n tí títẹ lẹ́tà lójú fóònù sú u, kàn máa fi ìka tẹ makirofóònù mọ́lẹ̀, á sọ Èkìtì rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́ nílé. Ìyẹn dára púpọ̀ fún ìkíni, fún àdúrà, fún ìròyìn ọmọ tuntun. Ní ti ikú, ohùn ẹkún á ti hàn kí ọ̀rọ̀ tó jáde, ohùn yẹn kan náà ni wọ́n sì ń tari láti gúrúùpù dé gúrúùpù. Ìyá tó ń sunkún ọmọ rẹ̀ ní Ìkọ̀lé kò mọ̀ pé àwọn tí òun kò rí rí ń gbọ́ òun ní Ìbàdàn àti Kánádà.

Báwo ni ìròyìn náà ṣe ń yára tó bẹ́ẹ̀?

Àpẹẹrẹ lásán ni mo fẹ́ lò, àmọ́ ará Adó tó bá kà á á mọ ọ̀nà.

Ìyá kan kú ní aago méjì òru ní ilé ìwòsàn. Ẹni tó wà níbẹ̀ pe àbúrò kan ní Houston ní Amẹ́ríkà, torí òun nìkan ló dájú pé ó ṣì lajú; bí ó bá jẹ́ oṣù kẹfà tàbí ìkeje, aago mẹ́jọ alẹ́ ni lọ́hùn-ún. Àbúrò náà sunkún, ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ yẹn, tí kì í ṣe ẹbí rárá, kọ "Sùn re o, Mummy" sórí Facebook, ó wá fọ́tò kan tí wọ́n jọ yà níbi ìgbéyàwó, ó fi tì í. Adó ń sùn. Ní aago márùn-ún ìdájí, àwọn tó jí gbàdúrà ṣí fóònù. Ọmọ ìjọ kan yọ fọ́tò ojú WhatsApp ìyá náà, ó fi àbẹ́là sí i. Ẹlòmíràn kọ "Ikú dóró" sí státọ́ọ̀sì, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Gbogbo ẹni tó rí i ló ń tẹ̀ ẹ́ láago: ta ni, ta ni? Ní aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹnìkan bèèrè nínú gúrúùpù akọrin pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni ohun tí mo ń gbọ́ nípa Mummy wa?" Àkọ́bí ìyá náà wà nínú gúrúùpù yẹn. Takisí ló wà, ní Fájuyì, ó ń lọ síbi iṣẹ́.

Kò sí ìkà nínú wọn. Oníkálukú ń kẹ́dùn ni. Àmọ́ ẹni tó yẹ kó gbọ́ ṣìkíní ló gbọ́ kẹ́yìn, ìdajì òru ni ìròyìn náà sì fi rin ìrìn àjò òkè òkun kí ó tó padà sí ìlú tí ó ti ṣẹlẹ̀.

WhatsApp fúnra rẹ̀ ti gbìyànjú láti dín eré náà kù. Láti 2019, iṣẹ́ tí èèyàn gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn kò ṣeé fọ́wọ́ọ̀dù kọjá ibi márùn-ún lẹ́ẹ̀kan. Láti oṣù kẹrin 2020, èyí tó bá ti gba ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn kọjá, tí ọfà méjì wà lórí rẹ̀, ibi kan péré ló ń lọ lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ kọ́pì ṣe ti bọ́ nínú ìyẹn. Láti 2016 sì ni wọ́n ti ti iṣẹ́ pa láàárín ẹni tó fi í ránṣẹ́ àti ẹni tó gbà á, débi pé ilé-iṣẹ́ náà kò lè ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Kò sí ọ̀gá kankan níbì kan tó lè rí ìròyìn ikú kan kí ó ní kó dúró ná.

Kí ni ìhà kọ̀ọ̀kan ń sọ?

Àwọn àgbà àti ààfin ní kì í ṣe pé àwọn kórìíra fóònù. Ọ̀pọ̀ wọn ń lò ó ju ọmọ wọn lọ. Ẹjọ́ tí wọ́n ń rò ni pé opó ẹni 75 ọdún tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, kò yẹ kí ó dá nìkan wà ní yàrá nígbà tó máa kà á. Ní ti ọba, wọ́n ní ètùtù tí wọn kò tíì ṣe tán, ìlú ló máa jẹ ìyà rẹ̀. Wọn a tún máa sọ̀rọ̀ abẹ́nú kan tí kì í sábà dé etí ìta: bí ikú bá ti jáde ṣáájú àkókò, àwọn tó ń du oyè tàbí ogún á ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí wọ́n tó gbé òkú kúrò nílẹ̀.

Àwọn ọmọ òkè òkun kò fi gbogbo ara gba èyí. Ọ̀rọ̀ "ara bàbá kò yá" ti ná àwọn mìíràn lówó: wọ́n ránṣẹ́ owó ìtọ́jú fún ẹni tó ti wà ní mọ́ṣúárì, tàbí wọ́n gba ìsinmi níbi iṣẹ́ pé àwọn fẹ́ lọ tọ́jú aláìsàn, nígbà tó jẹ́ pé ìwé ìsìnkú ni ọ̀gá wọn máa béèrè. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni kí wọ́n sọ òótọ́ fún àwọn lójú ẹsẹ̀, kí ẹnì kan sì pè kí ó sọ ọ́ lẹ́nu. Bí a bá wò ó dáadáa, wọn kò jìnnà sí àwọn àgbà tó bí wọ́n ṣe rò: àwọn méjèèjì ni kò fẹ́ kí ọmọ gbọ́ ikú òbí lórí Facebook.

Àwọn Mùsùlùmí Adó ní ìdí tiwọn tó yàtọ̀ pátápátá. Nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù, wọ́n gbọ́dọ̀ tètè sin òkú, ọjọ́ náà gan-an bó bá ṣeé ṣe. Bí bàbá kan bá kú ní àsìkò Àsùbáá, tí wọ́n sì fẹ́ kírun sí i lára lẹ́yìn Ayìlá, wákàtí díẹ̀ péré ló wà láti fi tó ìdílé, alásàlátù àti àwọn ọ̀rẹ́ létí. Fún wọn, gúrúùpù mọ́sáláṣí ti gba ẹrù ńlá lọ́rùn wọn. Ìdílé Kirisẹ́nì tó máa gbé òkú sí mọ́ṣúárì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí wọ́n tó ṣe àìsùn lọ́jọ́bọ̀ àti ìsìnkú lọ́jọ́ Ẹtì kò ní irú ìkánjú yẹn, àyè sì wà fún wọn láti to ọ̀rọ̀ bí wọ́n bá fẹ́.

Àwọn akọ̀ròyìn àti ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ní èèyàn ńlá tó jẹ́ ti gbogbo ìlú kì í ṣe ti ẹbí nìkan. Bí ààfin bá ń sẹ́ ohun tí gbogbo ayé ti mọ̀, wọ́n ní àhesọ ni wọ́n ń fún lóúnjẹ. Wọ́n tún ń tọ́ka sí ọ̀rọ̀ ààbò. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní 2024, àwọn agbébọn pa ọba méjì lójú ọ̀nà nílẹ̀ Èkìtì, ọjọ́ náà ni wọ́n sì jí àwọn ọmọ iléèwé, tíṣà wọn àti awakọ̀ wọn gbé ní Èmùrè. Nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò gbọ́dọ̀ gbọ́ kíá, ètùtù kò ní lè dá ìròyìn dúró.

Irọ́ ńkọ́?

Irọ́ ikú kò dúró de Facebook. Ní oṣù kọkànlá 1989, ìròyìn gba Nàìjíríà kan pé Dókítà Nnamdi Azikiwe ti kú, tẹlifíṣọ̀n ìjọba gan-an gbé e. Zik wà nílé rẹ̀. Ọdún 1996 ló tó kú. Ní oṣù kejìlá 2018, Ààrẹ Buhari ní láti sọ fún àwọn ọmọ Nàìjíríà ní Poland pé òun gan-an nìyí, torí ìtàn kan tó gba orí ayélujára pé ó ti kú, pé ẹlòmíràn ló ń jókòó lórí àga rẹ̀.

Èyí tó wọ ilé wa jù ni ti Ebola. Ní oṣù kẹjọ 2014, iṣẹ́ kan ń lọ láti fóònù dé fóònù lóru pé kí oníkálukú fi omi iyọ̀ wẹ̀, kó sì mu nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn òbí pe ọmọ wọn ní họ́sítẹ́ẹ̀lì láàárín òru kí wọ́n jí lọ wá iyọ̀. Ìjọba àti àwọn dókítà ní irọ́ ni, àmọ́ àwọn èèyàn ti mu ún. Ẹni tó fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí ọ kì í ṣe àjèjì, ẹ̀gbọ́n rẹ tàbí ìyá rẹ ni, ìdí sì nìyẹn tí o fi gbà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìròyìn ikú ṣe ń rìn: nítorí pé lọ́wọ́ ẹni tí a mọ̀ ló ti wá, a kì í béèrè ibi tí òun ti rí i.

Ṣé òótọ́ ni pé admin gúrúùpù máa ṣẹ̀wọ̀n?

Kò rí bí wọ́n ṣe ń gbé e kiri. Abala 24 nínú òfin ìwà ọ̀daràn orí ayélujára ti 2015 ni wọ́n máa ń tọ́ka sí. Bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ kọ ọ́ gbòòrò púpọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé iṣẹ́ tó bá ti bí èèyàn nínú lè di ẹjọ́. Ilé-ẹjọ́ ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ní kí Nàìjíríà tún un ṣe, wọ́n sì tún un ṣe ní oṣù kejì 2024. Lára ohun tó kù níbẹ̀ ni iṣẹ́ oníhòòhò, àti iṣẹ́ tí ẹni tó fi í ránṣẹ́ mọ̀ pé irọ́ ni, tó sì fi í ránṣẹ́ láti da ìlú rú tàbí láti fi ẹ̀mí èèyàn sínú ewu. Ìtanràn rẹ̀ kò ju ₦7,000,000 lọ, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò ju ọdún 3 lọ, wọ́n sì lè pa méjèèjì pọ̀.

Abala náà kò dárúkọ admin níbì kankan. Ẹni tó kọ ọ́ tó sì fi í ránṣẹ́ ni ó ń bá wí. Ìròyìn ikú tó jẹ́ òótọ́ kò sí nínú rẹ̀, bó ti wù kó dun ẹbí tó. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ pa alààyè sórí ayélujára kí ìlú lè dà rú ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lè dé iwájú adájọ́. Àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn ṣì ń kọminú pé ọlọ́pàá máa ń fi abala yìí mú èèyàn lórí ohun tí kò tó bẹ́ẹ̀, ìyẹn sì ni ibi tí ìbẹ̀rù àwọn admin ti wá.

Òfin tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ yìí jù, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í sábà dárúkọ, ni òfin ìlera ti 2014. Abala 26 rẹ̀ sọ pé gbogbo ohun tó jẹ mọ́ àìsàn, ìtọ́jú àti ibùsùn èèyàn nílé ìwòsàn jẹ́ ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀. Òṣìṣẹ́ ìlera tó bá ya fọ́tò aláìsàn tàbí tó sọ àrùn rẹ̀ síta láìgba àṣẹ ti rú òfin. Ará ìta tó ya fọ́tò ẹni tó fara gbọgbẹ́ nínú jàǹbá ọkọ̀ lọ́nà Àkúrẹ́ kò sí lábẹ́ abala yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ti sọ ọ́ láìmọye ìgbà pé kí àwọn èèyàn gbé fóònù sílẹ̀ kí wọ́n gbé aláìsàn.

Ṣé rédíò àti pátákó ti kógbá sílé ni?

Rárá o. Ilé-iṣẹ́ rédíò ìpínlẹ̀ ní Ilókun ṣì ń ka ìkéde òkú, torí bàbá tó wà lóko kò ní dátà. Ògiri Òkèṣà àti Ìjìgbò ṣì kún fún fọ́tò olóògbé. Ohun tó yí padà ni iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe: wọn kì í túfọ̀ mọ́, ọjọ́ àti ibi ìsìnkú ni wọ́n ń sọ.

Bí mo bá ti fi síta kí n tó mọ̀ pé ẹbí kò tíì gbọ́ ńkọ́?

Lórí WhatsApp, iṣẹ́ tí o fi ránṣẹ́ ṣeé pa rẹ́ kúrò lọ́dọ̀ gbogbo èèyàn láàárín nǹkan bí wákàtí 60. Admin náà lè pa iṣẹ́ ọmọ gúrúùpù rẹ̀ rẹ́. Státọ́ọ̀sì á lọ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 24, o sì lè yọ ọ́ ṣáájú. Àmì ojú tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ á sọ ẹni tó ti rí i fún ọ, ìyẹn àwọn tó yẹ kí o pè. Ohun tí wọ́n bá ti fi fóònù ya ní fọ́tò kò sí lọ́wọ́ rẹ mọ́.

Ní ti ojú ìwé Facebook olóògbé, ẹbí lè kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà pẹ̀lú ẹ̀rí ikú, kí wọ́n sọ ọ́ di ojú ìwé ìrántí tí ẹnikẹ́ni kò ní lè wọlé sí mọ́, tàbí kí wọ́n pa á rẹ́. Bí wọn kò bá ṣe é, Facebook lè máa sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́dọọdún pé ọjọ́ ìbí rẹ̀ ti pé. WhatsApp ń pa àkáǹtì tí wọn kò lò fún ọjọ́ 120 rẹ́. Nọ́ńbà náà gan-an, bí kò bá sí iṣẹ́ tó ń mówó wọlé lórí rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, ilé-iṣẹ́ fóònù lè ti í pa, bí oṣù mẹ́fà mìíràn bá sì tún kọjá, wọ́n lè tà á fún ẹlòmíràn. Nítorí náà, kí ẹbí tètè fi ìwé ẹ̀rí ikú tó báńkì létí, torí orí nọ́ńbà yẹn ni báńkì ń fi kóòdù ránṣẹ́ sí.